Eyín Tí Aláǹgbá Gbé Mì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ fi ahọ́n ka eyín yín lẹ́nu kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé, kó dúpẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ìtàn tí mo mú wá kì í ṣe ti ogun, kì í ṣe ti ọba. Ìtàn eyín kan ṣoṣo ni, eyín ẹ̀yìn tí a fi ń rún oúnjẹ, tí wọ́n yọ lẹ́nu obìnrin kan ní ìlú Òkè-Dígí, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀mí ọkùnrin kan lọ. Mo ṣèlérí fún yín: n kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní bù kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe gbà á ni n óò ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ keje tí wọ́n yọ eyín náà, Ìbídùnní dojú bolẹ̀ lórí òrùlé ilé ara rẹ̀, ó di ìró rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì bí apẹja tó fẹ́ ju àwọ̀n, ó ń fi àyà fà sún mọ́ aláǹgbá irin kan. Dígí ni òrùlé náà, bíi gbogbo òrùlé ìlú yẹn, dígí dúdú tí ń mu oòrùn látàárọ̀ dalẹ́ kí iná lè wà nínú ilé. Ó ti gbóná débi pé ó ń ta á níkùn. Aláǹgbá náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó gùn tó apá àgbàlagbà láti ìgúnpá dé ọmọ ìka, ó ń fi ahọ́n rọ́bà lá eruku orí dígí, ó lá síhìn-ín, ó lá sọ́hùn-ún. Ohun tó bá bá lọ́nà, ewé ni o, ìyẹ́ ẹyẹ ni o, ó gbé e mì. Ìbídùnní ju ìró bò ó. Aláǹgbá gba abẹ́ ìró jáde, ó fò sórí òrùlé kejì, ó dúró níbẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tó gbà pé ohun tí òun ṣe dára.

Ìkẹfà tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n lórí òrùlé àdúgbò náà, wọ́n sì jọra bí ọmọ ìyá. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́: gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìbídùnní gbé orí lé dígí gbígbóná náà, kò sunkún, ó kàn ń mí bí ajá tó sáré.

"Ìyàwó wa," ohùn kan ti ìsàlẹ̀ wá, "ìgbà wo lo di ológìnní? Ológìnní nìkan ni mo mọ̀ tó ń dọdẹ aláǹgbá."

Àjàgbé ni, alámòójútó àwọn aláǹgbá àdúgbò náà, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ àfi tó bá sùn. Ó di àkàbà mú, ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Àjàgbé, ẹ bá mi mú wọn. Ẹ jọ̀ọ́. Eyín mi wà nínú ọ̀kan nínú wọn."

Ẹ̀rín kúrò lójú Àjàgbé. Ó ní kí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná. Nígbà tí ó dé ilẹ̀, Àjàgbé rí i pé ètè rẹ̀ ti bó, kò sì bi í ní ohunkóhun kí ó tó lọ síbi ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó tẹ̀ ba, ó fi eyín ẹ̀yìn di pátákó pẹlẹbẹ kékeré tó wà lára ẹ̀rọ náà mú. Ẹ̀rọ náà dá a mọ̀, ó pe orúkọ rẹ̀, ó kí i kú òwúrọ̀, omi sì ya. Àjàgbé bu ife kan fún obìnrin náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ eyín Ìbídùnní ni ẹ̀rọ kan náà ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn pé, "Ẹnu yìí ṣófo. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà." Omi tí aládùúgbò bá bù fún un ló ń mu.

Bí ìlú yẹn ṣe rí nìyẹn. Ẹnu ni kọ́kọ́rọ́. Bí ọmọ bá ti pé ọdún méjìdínlógún, wọn a gbẹ́ ihò bíńtín sí eyín ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a fi hóró ìlú kan sí i, tí kò tó ẹyọ ìrẹsì kan. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó bá gé jẹ ló mọ̀ ọ́n: ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ omi, ọkọ̀, ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n eyín kì í ṣe òkúta. Bó bá jẹrà, tí wọ́n bá yọ ọ́, hóró inú rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ó mu omi náà tán, ó wá ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n yọ eyín náà ní ilé ìtọ́jú eyín. Ọyún ti kó sí ìdí rẹ̀, dókítà sì ní àwọn kò lè fi nǹkan kan dí ihò náà lójú ẹsẹ̀, àfi kí wíwú ibẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ó fi bébà we eyín náà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó mú un padà wá kí ọjọ́ keje tó pé. Kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, Ìbídùnní náà kò sì bèèrè, nítorí ẹnu rẹ̀ ti kú bí igi.

Ó rìn délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tú bébà náà, ó wo eyín inú rẹ̀. Ẹ gbọ́, abà ni wọ́n ti tọ́ Ìbídùnní dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jẹ́ kí eyín tó yọ sun inú ilé. Bó bá sun ilé, ìkejì rẹ̀ kò ní hù. Obìnrin a ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méje, ọkùnrin a ṣa mẹ́sàn-án, wọn a kó o mọ́ eyín, wọn a jù ú sórí òrùlé, wọn a sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí aláǹgbá má baà rí ihò náà. Ìbídùnní rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé eyín tuntun tí wọ́n fẹ́ rì sí òun lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Ọ̀nà tí òun sì mọ̀ tí eyín tuntun fi ń yá nìyẹn. Ó ṣa òkúta méje. Ó bo ẹnu. Ó jù ú. Ó gbọ́ tí ó ró gbàǹgà lórí dígí, inú rẹ̀ sì dùn bí inú ẹni tó ti sin ẹrù rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

Àná, tíí ṣe ọjọ́ kẹfà, ó padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Obìnrin kékeré kan ni, Mopélọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó mọ iṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Ó wo ihò náà, ó ní wíwú ti lọ, ó na ọwọ́, ó ní, "Eyín yẹn dà, mà?"

Ìbídùnní sọ ibi tó wà.

Dókítà náà jókòó. "Òun la fẹ́ lọ̀, mà. A óò lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, a óò fi kún ihò náà, kí egungun lè hù gba inú rẹ̀ kọjá. Orí egungun yẹn la óò wá rì eyín onígbòǹgbò irin sí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ihò tó bá ṣófo kọjá ọjọ́ keje, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀ bí etí odò. Kò ní sí ibi tí irin máa dúró sí mọ́."

Ìbídùnní bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi egungun màlúù kún un, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Dókítà ní ayé ti kọjá ibẹ̀. Hóró ìlú ń tọ́ egungun tó yí i ká wò, bó bá bá egungun ẹlòmíràn níbẹ̀, igbe ló ń ké, ìjọba sì ń pè é ní jíjí ẹnu gbé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ti gbogbo ìlẹ̀kùn ìlú mọ́ ẹni tó bá ṣe é. Ìbídùnní ní kí wọ́n gé lára egungun ìbàdí òun nígbà náà. Dókítà ní ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ ń gba ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Àjàgbé gbọ́ gbogbo èyí, ó mi orí. Ó ní òun mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnu wọn ṣófo tí wọ́n ṣì ń jẹ, tí wọ́n ṣì ń mu, lọ́wọ́ àwọn ará ilé wọn. Kò burú tó bẹ́ẹ̀ yẹn. "Adìẹ ń jẹ àgbàdo, ó ń gbé òkúta mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń jẹ?"

"Ọkọ mi ńkọ́?" ni Ìbídùnní wí.

Àjàgbé fi ọwọ́ lu iwájú orí ara rẹ̀. Ó ti gbàgbé.

Ọ̀tọ̀lórìn ni ọkọ rẹ̀, ẹni tó fi ogójì ọdún gé dígí òrùlé fún ìlú náà títí eruku dígí fi jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Ọkùnrin tó gbọ́n sí ẹ̀rọ ni, tí kì í gba ohun tí ojú rẹ̀ kò bá rí gbọ́. Bí Ìbídùnní bá da omi síta kó tó mu, á ní, "Ará oko, ta lò ń fún?" Láti oṣù mẹ́rin ni ó ti wà ní Ilé Èémí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a mí. Àwọn ẹ̀rọ náà kò pọ̀, àwọn tó ń dúró dè wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ìlú ṣe òfin: ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, aláìsàn gbọ́dọ̀ fi eyín jẹ pátákó ẹ̀rí láti fi hàn pé òun ṣì ń fẹ́ ẹ̀mí; bí ẹnu tirẹ̀ bá ṣófo, ará ilé rẹ̀ kan ni kó jẹ ẹ́ fún un. Ọjọ́ tí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́, wọn a gbé ẹ̀rọ náà fún ẹni tó kàn.

Ẹnu Ọ̀tọ̀lórìn ṣófo. Oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n yọ tirẹ̀. Ó wálé, ó ní nígbà tí ọkọ̀ ojú omi mì ni bébà bọ́ lọ́wọ́ òun, tí eyín rì. Kò sí ọjọ́ tí Ìbídùnní kò fi eyín náà bú u. Ó pè é ní aláìbìkítà, ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní jẹ́ kí ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ bọ́ sómi. Kódà ní Ilé Èémí, lórí ibùsùn, ó ti sọ ọ́ sí i létí rí. Wọn kò bímọ. Ọ̀tọ̀lórìn kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ẹnu kan ṣoṣo tó kù láyé láti sọ pé ẹ má tíì pa á ni ẹnu Ìbídùnní, agogo mẹ́rin ọjọ́ náà ni ọjọ́ kẹjọ yóò sì pé.

"Bí dókítà bá ti fi nǹkan dí ihò náà," ni Ìbídùnní wí, "á tẹ òǹtẹ̀ sí ẹran ìdí eyín mi. Òǹtẹ̀ yẹn tó. Wọ́n ń ka èèyàn sí ẹni tí eyín rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá Àjàgbé, agogo mẹ́rin ni."

Àjàgbé wo oòrùn. Ó wo àwọn aláǹgbá lókè. Ó ní Ìbídùnní kàn ń fi agbára ṣòfò, nítorí aláǹgbá kì í gbé ohun tó gbé mì sùn. Ní alaalẹ́ ni wọ́n ń lọ pọ̀ ọ́ sínú kòtò Ilé Aláǹgbá. Ìgbà kan lọ́dún sì ni wọ́n ń kó kòtò náà, kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.

"Ìgbà wo?"

"Òní. Ọkọ̀ akólẹ̀ á dé ní agogo méjìlá."

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé Àjàgbé kì í ṣe akíkanjú. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀, ó ń fi èékánná họ irùngbọ̀n. Ìlẹ̀kùn Ilé Aláǹgbá ń ka ènìyàn. Bí eyín kan bá ṣí i tí ẹsẹ̀ méjì míràn bá bá a wọlé, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí Àjàgbé ti ibẹ̀ pàdánù iṣẹ́ tó kù ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Ìbídùnní kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn ń wò ó. Nígbà tó yá, Àjàgbé tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ogiri ló lanu kí aláǹgbá tó wọ̀ ọ́. Èmi ni n óò jẹ́ ogiri náà. Gùn mí lẹ́yìn."

Ìyẹn ni pé ó pọ̀n ọ́n. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta pọn obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta wọ Ilé Aláǹgbá kí ìlẹ̀kùn lè ka ẹsẹ̀ méjì péré. Ó ń kérora, ó sì ń sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà pé bí ìyàwó òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kó wá bá òun jẹ́rìí nílé ẹjọ́.

Kòtò náà jìn tó ìbàdí. Ewé ọdún kan ló wà nínú rẹ̀, eruku ọdún kan, ìyẹ́ ẹyẹ, bọ́tìnì, ìṣó, bàtà ọmọdé ẹyọ kan. Wọ́n bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń fi ajọ̀ tí Àjàgbé fi ń yọ ìṣó kúrò nínú eruku jọ̀ ọ́. Agogo mọ́kànlá lù. Eruku bò wọ́n lójú. Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ró wàràwàrà nínú ajọ̀ náà, bí àgbàdo gbígbẹ. Ìbídùnní fẹ́ eruku kúrò lórí rẹ̀.

Eyín ni. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́wàá. Eyín ọmọdé ni púpọ̀ wọn, funfun, kékeré, ó ju ọgọ́ta lọ, òkúta wẹ́wẹ́ sì dà mọ́ wọn lára.

Àwọn méjèèjì tẹ̀ ba sórí ajọ̀ náà. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹnu ṣílẹ̀kùn, tí ẹ̀rọ ń bá ènìyàn mí, tí wọ́n ń fi ará oko ṣe yẹ̀yẹ́! Wọ́n ń ju eyín sórí òrùlé wọn, ilé sí ilé, oníkálukú ní ìkọ̀kọ̀, oníkálukú rò pé òun nìkan ló kù. Àjàgbé fi ìka mú ọ̀kan tó ṣẹ́ létí. Ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "Eléyìí jọ ti ọmọ ọmọ mi. Èmi ni mo gbé e sọ́rùn kó lè jù ú."

Ìbídùnní kò gbọ́ ọ. Ó ti rí ti àgbàlagbà nínú wọn. Ó nawọ́ mú un, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ìkejì.

Eyín ẹ̀yìn méjì. Àwọn méjèèjì ti pọ́n bí ẹni jẹ obì, àwọn méjèèjì ní ihò lórí, àwọn méjèèjì ní gbòǹgbò méjì. Ó gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló ti fara balẹ̀ wo eyín ẹ̀yìn ara rẹ̀ rí? Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi bá ara wọn gbé, kò mọ ojú rẹ̀. Àjàgbé ní kí ó kó méjèèjì fún dókítà, kó yẹ̀ wọ́n wò. Ìbídùnní ní ẹ̀rọ ilé ìtọ́jú kì í yẹ nǹkan wò, lílọ̀ ló ń lọ̀. Pátákó ẹ̀rí ní Ilé Èémí ló ń tọ́ ọ wò, ìgbà tó bá sì mọ̀ pé egungun ẹlòmíràn ni, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹni tó bá lọ̀ èlùbọ́ mọ́ èlùbọ́, kò lè ṣà á padà.

Ó ro ọgbọ́n kan. Ó fi ọ̀kan sínú ẹnu, ó gbé e lé ojú ihò náà, ó tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Ìrora náà mú kí ojú rẹ̀ ṣú. Ó fi ìkejì sí i. Òun náà kò wọlé. Ihò náà ti ń dí, ilé tí a kò gbé kì í pẹ́ wó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, ó sì jókòó sínú ewé ọdún kan. Ó wí fún Àjàgbé pé òun ti pa ọkọ òun. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ló gba ti ọkọ òun, omi kò mọ ohun tó ń ṣe; ṣùgbọ́n òun, ọwọ́ ara òun ni òun fi ju ẹ̀mí rẹ̀ sókè, òun sì bo ẹnu.

Níta, wọ́n gbọ́ híhó ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń gun òkè bọ̀.

Àjàgbé wo ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó fún un ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ kí ó fi nù ún. Ó ní ìyá òun máa ń sọ pé ahọ́n òun eyín ń jà, wọ́n sì jọ ń gbé. Kò ní ìdí tó fi sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ni kò lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n Ìbídùnní gbórí sókè.

Ọdún méjì gbáko ni eyín náà fi bá ahọ́n rẹ̀ jà kí wọ́n tó yọ ọ́. Orí rẹ̀ ti ṣẹ́, etí ibi tó ṣẹ́ náà sì mú bí abẹ. Bó bá ń jẹun, yóò ya ahọ́n, bó bá ń sọ̀rọ̀, yóò ya á, àpá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n náà títí di òní olónìí. Ojú kò mọ eyín. Ìka kò mọ̀ ọ́n. Ahọ́n mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀tá kì í gbàgbé ojú ọ̀tá.

Ó di ojú. Ó fi àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó fi ahọ́n yí i ká, ó wá etí ibi tó ṣẹ́. Ó mú, ṣùgbọ́n ó mú bí ohun àjèjì. Ó yọ ọ́. Ó fi ìkejì sí i. Kò tíì wá ohunkóhun tí ahọ́n fi sá sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

"Eléyìí ni," ni ó wí.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ahọ́n mi ń sá fún un."

Ó fi bébà we é. Ó wo ọ̀kan tó kù lórí ewé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé. Kò lè sọ ìdí rẹ̀; bóyá nítorí pé ọkọ̀ akólẹ̀ ti dé, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé eyín ẹni kan lọ dànù. Ó so ó mọ́ etí ìró. Àjàgbé pọ̀n ọ́n, wọ́n jáde.

Ní agogo kan ààbọ̀, Ìbídùnní wà lórí àga dókítà. Mopélọ́lá gba eyín náà, ó fọ̀ ọ́, ó sì bi í pé ṣé tirẹ̀ ni. Ìbídùnní ní tòun ni. Dókítà ní bí òun bá ti tẹ ẹ̀rọ yìí, kò sí àtúnṣe, òfin yóò sì mú àwọn méjèèjì. Ìbídùnní gbé ojú sí òkè àjà, ó ní kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ké kín-ín, bí ẹ̀fọn, ó parí. Ohun tó kù nínú àwo kò tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọ tuntun, ó funfun, ó kúnná. Ogójì ọdún jíjẹ ẹran nìyẹn. Dókítà fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ pò ó, ó fi ṣíbí tín-ín-rín dì í sínú ihò náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń gbin ẹ̀fọ́, ó fi awọ kan tó fẹ́lẹ́ bí ti àlùbọ́sà bò ó, ó gán an. Lẹ́yìn náà ó tẹ òǹtẹ̀. Ó ní kó má mi ẹnu púpọ̀, kó má tutọ́, kó má fi ìbínú sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ìbídùnní fi ẹsẹ̀ rìn dé èbúté. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wo òǹtẹ̀ náà, ó ní, "Ẹni tí eyín rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ẹ wọlé." Ìyẹn kò fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òǹtẹ̀ nìkan ni ẹnu ọ̀nà ń wò. Pátákó ẹ̀rí ń tọ́ egungun.

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nígbà tó wọ yàrá tí Ọ̀tọ̀lórìn wà. Nọ́ọ̀sì kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà. Ẹbí kan tí Ìbídùnní kò mọ̀ rí dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé obìnrin arúgbó kan tí ètè rẹ̀ ti di búlúù dání, wọ́n sì ń wo aago. Kò lè bá wọn jà. Kò lè wo ojú wọn. Ó gba àárín wọn kọjá, ó tẹ̀ ba níwájú pátákó ẹ̀rí, ó la ẹnu, ó jẹ ẹ́. Okùn tí wọ́n fi gán an fà ya lápá kan. Ó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

Pátákó náà kò sọ nǹkan kan. Ó máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò sọ nǹkan kan. Ìbídùnní ka dé mẹ́wàá, ó ka dé ogún. Ó gbọ́ ẹ̀rọ tí ń mí fún ọkọ rẹ̀, ó fà wọlé, ó tú síta. Nọ́ọ̀sì náà ti na ọwọ́ sí ìdí ẹ̀rọ náà. Ó ka dé ọgbọ̀n.

"Ìbídùnní ló jẹ́rìí," ni pátákó náà wí. "Ọ̀tọ̀lórìn ṣì lẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì fa ọwọ́ padà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan bú sẹ́kún. Ìbídùnní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó sì fi orí ti ẹsẹ̀ ibùsùn.

Ọ̀tọ̀lórìn ti jí. Ọ̀pá èémí wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, síléètì kékeré kan ló fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó wo eruku ara ìyàwó rẹ̀, ó wo ewé tó wà nínú irun rẹ̀, ó gbé ojú ìbéèrè lé e. Ìbídùnní sì sọ ọ́ fún un, jẹ́jẹ́, láti igun ẹnu tó ṣeé mi. Ó sọ ti òkúta méje. Ó ní kó rẹ́rìn-ín bó bá fẹ́, ará oko ni òun lóòótọ́. Ó sọ ti kòtò, ti eyín àwọn ọmọdé tó ju ọgọ́ta lọ. Ó ní òun kò ní fi ti ọkọ̀ ojú omi bú u mọ́ láyé. Ó ní eyín àgbàlagbà méjì ni òun bá níbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ahọ́n òun.

Ọ̀tọ̀lórìn kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó fa síléètì náà sún mọ́ra, ó pẹ́ kó tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí i, ó sì yí i sọ́dọ̀ rẹ̀.

*Ṣé o rí tèmi níbẹ̀?*

Ìbídùnní kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó fa etí ìró rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó náà.

Ibẹ̀ ni mo bá a dé. Lẹ́nu Àjàgbé ni ìyá mi àgbà ti gbọ́ ọ, ìyẹn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó gbé sọ́rùn lọ́jọ́sí, òun ló sì sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ tí eyín mi àkọ́kọ́ yọ, kí ó tó fi òkúta wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́.